*OJÚ ÍSÁÁKÌ, OJÚ MÀÁMI*



*Bíbélì kíkà:* Jẹ́nẹ́sísì 27:1-27. 1 Àwọn Ọba 14:1-6

Nígbà tí Ísáákì darúgbó, kò mọ Jákọ́bù yàtọ̀ sí Ésáù mọ́. Ẹ kíyè sí i o: Bàbá fura. Ohùn tó gbọ́ kò bá ọwọ́ tó fọwọ́ kàn mu. Àmọ́ kò pe ẹnì kan tó ríran kó bá òun wò ó. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Èmi náà jẹ̀bi irú ẹ̀. Ìbà ni Màámi ń gbé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na ìwé orin jìnnà kí wọ́n tó lè kà á, mo ní, "Màámi, ọjọ́ orí ni." Òótọ́ ni nígbà yẹn. Láti bí ẹni ogójì ọdún, awò inú ẹyinjú wa máa ń le, ohun ìtòsí á wá ṣú. Jígí ìkàwé ló ń tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Màámi ò rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Ìyànà-Ìbà mọ́. Mo tún ní ọjọ́ orí ni. Mo gbàdúrà fún wọn, mo sì ra oògùn ojú nínú dánfó ní Òkòkòmáíkò. Ìgbà tá a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, glaucoma ti mú ojú òsì lọ.

Ìfúnpá tó pọ̀ jù nínú ẹyinjú ló sábà máa ń fà á. Ó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Kì í sábà dunni, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, àmọ́ ìtọ́jú lè dá èyí tó kù dúró. Ojú ọ̀tún Màámi ṣì ń ríran, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Wòlíì Áhíjà náà ò ríran mọ́ nítorí ogbó, síbẹ̀ Ọlọ́run ń bá a sọ̀rọ̀. Ojú tó ń ṣú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àìsọ ọ́ síta ló léwu.

*Iṣẹ́ òní:* Ẹ fọwọ́ bo ojú kan, ẹ fi èkejì ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ má dúró. Bí wọ́n tiẹ̀ dọ́gba, ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tàbí tí òbí rẹ̀ ní glaucoma, kó lọ yẹ ojú wò. Ibùdó ìtọ́jú ojú wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ètò Jigi Bola ti ìjọba Èkó, èyí tí wọ́n tún jí dìde ní 2023, dé àdúgbò yín, ẹ mú Màmá àti Bàbá lọ.

*Àdúrà:* Olúwa, fún àwọn àgbà wa ní ìgboyà láti sọ pé, "Mi ò ríran dáadáa mọ́." Fún àwa ọmọ ní etí tí a ó fi gbọ́ wọn. Àmín.