Àṣàkẹ́, Ta Ló Ń Yìnbọn?

Àṣàkẹ́, jókòó níbí, má tíì dijú mọ́rí. Mo ti wo pósítà fíìmù yín. Mo wò ó lórí fóònù, mo tún ní kí àbúrò ẹ bá mi fẹ̀ ẹ́ kí n lè rí i dáadáa. Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ẹ́: ta ló ń yìnbọn nínú fíìmù yìí?

Èmi tí mo wò ó tán, ìṣẹ́jú 12 péré, bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ni mo rí, tí etí ẹ̀ ń di díẹ̀díẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Ìbọn wá dà? Iná tó ń jó lala lẹ́yìn yẹn ńkọ́, ilé ta ló jó? O ní bí pósítà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó dáa. Ẹni tó bá tìtorí ìbọn wọlé, tó wá bá bàbá arúgbó tó ń wá wáyà tó já, ìwọ ló máa pòṣé sí.

Ojú èèyàn mẹ́fà tún nìyí, gbogbo wọn fajú ro bí ẹni jẹ gbèsè. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kínú ẹnì kankan bàjẹ́. Ẹni tó gbé kámẹ́rà pàápàá wà níbẹ̀! Orúkọ wọn ni kó o tò sísàlẹ̀. Nígbà tí Jaws, fíìmù Steven Spielberg, jáde lọ́dún 1975, Roy Scheider àti Robert Shaw wà nínú ẹ̀, àmọ́ ojú wọn ò sí lára pósítà. Ọmọbìnrin kan ló ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi, ẹja ekurá ńlá kan ń yọ eyín bọ̀ lábẹ́ ẹ̀, àkọlé pupa wà lókè. Roger Kastel ló ya àwòrán náà. Ìwé ìtàn tí wọ́n fi ṣe fíìmù ọ̀hún ló kọ́kọ́ yà á fún. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà wò ó, ó ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀.

Ìwọ náà ní tìẹ. Ibi tí bàbá yẹn ti gbé rédíò sétí, tó ń gbọ̀n ọ́n, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ tí òun ò gbọ́, kí lo tún ń wá kiri? Etí kan, rédíò kan, ó tán. Má fi nǹkan kan dí àyè tó kù. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ewé tó o fi yí àkọlé ká yìí, àjọ̀dún fíìmù wo ló yàn yín? Ẹ ò tíì fi fíìmù ránṣẹ́ síbì kankan! Ẹni tí wọ́n bá yàn ló ń fi ewé yẹn sí i. Yọ ọ́ kí ẹni tó mọ̀ tó rí i. Fọ́ọ̀ǹtì tó o fi ń ṣe fáàrí yẹn náà ò ní ẹ àti ọ, àpótí òfìfo ló gbé síbẹ̀. Lo Noto Sans, ó gba gbogbo àmì wa, ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́yìn gbogbo èyí, o ò kọ ọjọ́, o ò kọ aago, o ò kọ gbọ̀ngàn. Ibo la ti fẹ́ wá wò ó, Àṣàkẹ́?

Tẹ́ ẹ bá ń lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, ẹ rántí pé ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń gbé àwọ̀ jáde, íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ń lò. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yanran lára pósítà yín máa ṣú lórí bébà. Yí i sí CMYK nílé, kó o rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. A3 jẹ́ mílímítà 297 sí 420. Ṣe é ní 300 dpi, kó o fi mílímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀bẹ. Tó o bá máa fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn, fi ránṣẹ́ bíi document, torí ó máa ń fún fọ́tò pọ̀ ni.

Ibi táwọn èèyàn ti ń tò ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sí, níwájú ilé oúnjẹ àti ibùdókọ̀ inú ọgbà ilé ìwé yín. Ẹni tó ń sáré lọ sí kíláàsì ò ní dúró kàwé.

Owó ìtẹ̀wé, èmi ni màá san. Àmọ́ màá rí èyí tó o tún ṣe kí n tó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó yá, dìde lọ bu oúnjẹ. Ó jọ pé ebi ló kó gbogbo ojú yẹn jọ fún ẹ.