Ẹ̀rí tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Jẹ́ Nípa Ọlọ Inú

Nínú ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn tí a ó máa kọ́ àwọn ọmọ, a kì í ṣàì dárúkọ ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ inú, tí ó wà ní apá òsì lábẹ́ egungun ìhà, ni a sábà máa ń fò kọjá. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwa tí a wà ní Sábó yìí àti ní gbogbo Nàìjíríà, níbi tí ó tó ọmọ méjì nínú 100 tí a ń bí pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọlọ inú wà lára ohun tí àrùn náà kọ́kọ́ ń bà jẹ́.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi í wé oníbodè. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ní gbogbo àkókò náà ni ó sì ń gba ojú ihò tóóró inú ọlọ kọjá. Èyí tí ó ti gbó, oníbodè a dá a dúró; èyí tí ó gbé ìdọ̀tí dání, a gba ìdọ̀tí náà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jẹ́ kí ó máa lọ. Bákan náà ni ó ń mú kòkòrò àrùn tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá èyí tí a ń pè ní pneumococcus, tí ó lè pa ọmọdé láàárín wákàtí díẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bí oníbodè bá ti fi ibodè sílẹ̀? Ẹrù ọwọ́ àwọn tí ó kọjá ni yóò sọ ọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn egungun, ó ní kóró nínú. Kí ó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀, a ti ju kóró náà nù. Nígbà mìíràn èérún rẹ̀ a ṣẹ́kù, ọlọ a sì yọ ọ́ kúrò. Bí ọlọ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, èérún náà yóò wà níbẹ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí gíláàsì, tí a fi aró kùn ún, tí a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, a ó rí i bí àmì roboto kan tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí àlùkò. William Howell ará Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1890. Justin Jolly ará Faransé tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń pè é ní àmì Howell-Jolly.

Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì pupa a tẹ̀ bí dòjé, a sì dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ọlọ pa. Ìbàjẹ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Nígbà tí wọn yóò bá fi pé ọdún márùn-ún, ọlọ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Kí títóbi rẹ̀ má sì tàn wá: ní 1969, Howard Pearson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọlọ lè wú débi tí ọwọ́ yóò fi bà á, kí ó má sì ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò tí ó dájú jù ni èyí tí a fi ẹ̀rọ ńlá ya àwòrán ọlọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣe ẹbọ. Síbẹ̀ kí a kíyè sí ohun méjì: àìrí àmì náà kò fi hàn dájúdájú pé ọlọ péye, àìtó folic acid tàbí fítámì B12 lára pẹ̀lú sì lè mú àmì náà yọ.

Kí ni èyí kan olùkọ́? Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986 fi hàn pé pẹnisílínì tí àwọn ọmọ kékeré tí ó ní àrùn yìí ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dín ìkọlù pneumococcus kù ní ìdá 84 nínú 100. Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbóná ní kíláàsì, kí a má ṣe wí pé ibà lásán ni, kí a má sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn kíláàsì kí ó sùn títí agogo yóò fi lù. Kí a ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an. Láti Sábó dé Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì wà, kò jìnnà. Ibodè ọmọ náà ti ṣófo. Àwa tí a wà nítòsí rẹ̀ ni kí a máa ṣọ́ ọ.