Ìrora Ọmọ tí ń Ta Òkìtì: Ohun tí Òbí àti Olùkọ́ni Ní Láti Mọ̀

Ní ìlú Benin tí í ṣe olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, títa òkìtì kì í ṣe ohun àjèjì. Lára àwọn àwòrán idẹ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ààfin rọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, a rí èyí tí ó fi àwọn eléré hàn níbi tí wọ́n ti so rọ̀ láti orí igi pẹ̀lú okùn, èyí tí àwọn onímọ̀ so pọ̀ mọ́ ayẹyẹ Amufi. Ní ilẹ̀ Esan tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà, àwọn oníjó Igbabonelimhin ṣì ń ta òkìtì fún ayé rí títí di òní.

Ní òde òní, eré yìí ti di ìdíje tí gbogbo ayé mọ̀ sí jimunásítíìkì. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn eré tí àwọn ìpínlẹ̀ máa ń díje nínú rẹ̀ ní Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè, àjọ̀dún tí ìlú Benin gbàlejò rẹ̀ ní ọdún 2002, tí ó sì tún gbà ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti sún un síwájú láti ọdún 2020. Ní oṣù Keje ọdún 2021 yẹn ni Uche Eke di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣojú Nàìjíríà nínú eré jimunásítíìkì ní ìdíje Olimpíìkì, ní ìlú Tokyo. Irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ a máa mú kí òbí rí i pé òkìtì tí ọmọ òun ń ta lẹ́yìnkùlé lè gbé e dé ibi gíga.

Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní pápá tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò: pé ọmọ tí ó bá ń sunkún ìrora kò tíì ṣe tán láti di akọni. Ìmọ̀ ìṣègùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrora tí kò lọ lára ọmọ tí ń ta òkìtì kì í ṣe àmì ọ̀lẹ, ìkìlọ̀ ni láti ara eegun tí kò tíì dàgbà tán.

Eegun ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà

Eegun àgbà ti gùn tán, ó sì ti le. Ti ọmọdé ṣì ń gùn. Ní ìtòsí ìpẹ̀kun àwọn eegun gígùn ni ibi rírọ̀ kan wà tí eegun tuntun ti ń jáde, èyí tí a lè pè ní ojú ìdàgbà eegun. Ibẹ̀ kò lágbára tó eegun fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lágbára tó àwọn iṣan tí ó so oríkèé pọ̀. Nítorí náà, ìṣubú tí yóò fa iṣan àgbà ya lásán lè ba ojú ìdàgbà eegun jẹ́ lára ọmọdé.

Lára ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, ojú ìdàgbà yìí a máa dí láàárín ọdún 14 sí 16. Ti ọmọkùnrin a máa pẹ́ díẹ̀, láàárín ọdún 16 sí 18. Bí ó bá bàjẹ́ gidigidi kí ìgbà náà tó dé, eegun náà lè dáwọ́ gígùn dúró, tàbí kí ó wọ́. Èyí wà lára ohun tí a ní láti rántí nígbà tí a bá gbọ́ pé Àjọ Jimunásítíìkì Àgbáyé, FIG, gbé iye ọdún tí obìnrin gbọ́dọ̀ pé kí ó tó lè díje láàárín àwọn àgbà kúrò ní 15 sí 16 ní ọdún 1997.

Ibi tí ìrora ti máa ń bẹ̀rẹ̀

Èkíní ni ọrùn ọwọ́. Nínú eré yìí, ọwọ́ di ẹsẹ̀: òun ni ọmọ fi ń dúró, òun ni ó fi ń ta ara rẹ̀ sókè. Ẹrù tí ó ń bọ́ lé ọrùn ọwọ́ lè ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara ọmọ náà lọ. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dun ọmọ nígbàkígbà tí ó bá fi ọwọ́ tilẹ̀, kí ó má ṣe gbé ara lé ọwọ́ mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsinmi náà lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òbí má sì ṣe rò pé irọ́ ni ọmọ ń pa bí àwòrán X-ray kò bá fi nǹkan hàn, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán náà lè mọ́ kedere bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpalára wà.

Èkejì ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Títẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn léraléra lè mú kí eegun ẹ̀yìn sán díẹ̀díẹ̀. Ìrora tí ó ń pọ̀ sí i nígbà tí ọmọ bá tẹ̀ sẹ́yìn, tí ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ohun tí a fi ìpara gbígbóná wò.

Ẹ̀kẹta ni orúnkún àti gìgísẹ̀. Fífò àti bíbọ́ sílẹ̀ a máa fa ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun tí ń dàgbà. Ọmọ á máa tiro lẹ́yìn ìdánrawò, ibẹ̀ á sì máa dùn ún bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ irú èyí ni ìsinmi àti dídín fífò kù máa ń wò sàn.

Kì í ṣe gbogbo ìrora eegun ni òkìtì fà o. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè máa jẹ̀rora eegun nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bákan náà, bí ibà bá bá ìrora tí ó wà lójú kan ṣoṣo rìn, ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ inú eegun. Ó yẹ kí òbí mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí ó sì sọ fún olùkọ́ni kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí eegun bá ṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní orílẹ̀-èdè wa ni ó kọ́kọ́ máa ń gbé ọmọ tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ń to eegun. Wọ́n sún mọ́ ènìyàn, owó wọn kò sì ga. Ewu tí àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́ ni dídi igi tàbí ọparun mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ń wú lọ́wọ́ pinpin. Bí ìdè náà bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí kú, ó sì lè di ọ̀ràn gígé apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ.

Ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí lẹ́yìn dídì èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí ti ilé ìwòsàn: bí ìka bá tutù, bí ó bá kú tipiri, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, bí ọmọ kò bá lè mì ín, tàbí bí ìrora bá ń le sí i dípò kí ó rọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá kí wọ́n lè tú ìdè náà. Ní ìlú Benin, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Benin, UBTH, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ní àwọn dókítà eegun.

Bí ọmọ bá fi orí tàbí ọrùn lélẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e dìde, ẹ má ṣe yí ọrùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà lójú kan títí olùrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹni tí orí rẹ̀ gbá nǹkan, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ó ń bì, kò gbọdọ̀ padà sórí pápá ní ọjọ́ náà.

Oúnjẹ àti ìsinmi

Ìṣòro mìíràn nínú eré yìí ni ìbẹ̀rù sísanra. Ní ọdún 1994, Christy Henrich, eléré jimunásítíìkì ọmọ Amẹ́ríkà, kú ní ọmọ ọdún 22 nítorí àìsàn àìjẹun. Ní ọdún 2014, Ìgbìmọ̀ Olimpíìkì Àgbáyé ṣàlàyé pé eléré tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe yóò fi eegun, ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti ìdàgbà rẹ̀ san án, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, tàbí tí kò tíì rí i títí ó fi pé ọdún 15, yẹ kí ó rí dókítà. Kí olùkọ́ni má ṣe yìn ín pé ara rẹ̀ fúyẹ́.

Oúnjẹ tí ó yẹ kò jìnnà sí wa: ẹ̀wà, ẹyin, wàrà, ẹja kéékèèké tí a lè jẹ teegunteegun, edé, àti ewébẹ̀ irú èyí tí àwọn ará Ẹdó fi ń se ọbẹ̀ dúdú wọn. Iṣu, gààrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń fún ọmọ ní agbára, kí a má ṣe fi wọ́n dù ú.

Ní ti ìsinmi, ìlànà kan tí ó rọrùn láti rántí ni pé kí wákàtí ìdánrawò ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ má ṣe ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́wàá. Kí ó sì ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tí kò ní fọwọ́ kan eré náà rárá.

Dídúró kì í ṣe òpin

Ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 2021, Simone Biles ti Amẹ́ríkà yọwọ́ nínú ìdíje ẹgbẹ́ ní Tokyo nítorí pé kò mọ ibi tí ara rẹ̀ wà mọ́ nígbà tí ó bá wà lófuurufú. Àwọn kan bú u. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́ta ní ìdíje Olimpíìkì ti Paris. Bí ẹni tí ó mọ òkìtì ta tó bẹ́ẹ̀ bá lè sọ pé ó tó, a jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ọwọ́ ń dun òun, kí àgbà sì gbọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn ìrora kí ó lè parí ìdánrawò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ta òkìtì tuntun lórí ilẹ̀ líle tí kò ní tìmùtìmù. Ní alaalẹ́, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Eegun ọmọ wà lára ohun tí a ń fi ẹ̀sọ̀ mú.