Ẹsẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Kọ́: Ẹ̀kọ́ Tai Chi Lábẹ́ Igi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá mi ṣubú lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé ìwẹ̀, wọn kò wo iwájú, wọn kò sì wo ẹ̀yìn. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ní àwọn kò jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi hàn mí bóyá ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà yé mi tàbí kò yé mi. Òun ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jíròrò nínú àpilẹ̀kọ yìí: bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní tai chi ní ìta gbangba, àti ìdí tí ìta fi dára ju inú ilé lọ.

Kí ni Tai Chi?

Tai chi jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà ìjà àwọn ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n ó ti di eré ìmárale fún tọmọdé tàgbà. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni taijiquan. Ìdílé Chen, ní abúlé Chenjiagou ní ìpínlẹ̀ Henan, ni a mọ̀ mọ́ ọn láti nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn. Yang Luchan, tí kì í ṣe ọmọ ìdílé náà, kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e lọ sí Beijing kí ó tó kú ní ọdún 1872. Ní ọdún 1956, àjọ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ṣa ìgbésẹ̀ 24 jọ láti inú ti ìdílé Yang, kí mùtúmùwà lè rí i kọ́. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà ni a fi ń ṣe é tán. Ní ọdún 2020, UNESCO kọ tai chi mọ́ àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún fún gbogbo ọmọ aráyé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí orúkọ àwọn ìgbésẹ̀ náà. Ọ̀kan ń jẹ́ ‘Yíya irun ọrùn ẹṣin igbó’. Òmíràn ń jẹ́ ‘Ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn na ìyẹ́’. Òmíràn ni ‘Ọwọ́ bí àwọsánmà’, àti ‘Àkùkọ wúrà dúró lẹ́sẹ̀ kan’. Ẹni tí kò bá wo ẹyẹ rí, tí kò wo ojú ọ̀run rí, kò lè sọ ìgbésẹ̀ lórúkọ báyìí.

Ohun tí mo rí ní Beijing

Ọdún méjì ni mo lò ní Beijing gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọgbà Tiantan ni mo máa ń lọ ní òwúrọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọba Ṣáínà àtijọ́ ti máa ń rúbọ sí ọ̀run kí ìkórè lè dára. Ọdún 1420 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Igi sáípírẹ́sì tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ọgbà náà ju 3,000 lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn arúgbó ti wà lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyí, oníkálukú pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó gbà láti kọ́ mi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, wọn kò kọ́ mi ní ohun tí n ó fi ọwọ́ ṣe. Wọ́n ní kí n dúró, kí orúnkún mi tẹ̀ díẹ̀, kí èjìká mi rọ̀, kí n gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ òsì títí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò fi ṣófo. Lẹ́yìn náà kí n dá a padà. Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni a ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí gbòǹgbò igi kan, wọ́n ní igi yẹn ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí bàbá bàbá àwọn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Àṣìṣe mi

Nígbà tí mo padà dé, pálọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ bàbá mi. Mo ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dúró níwájú wọn, mo ní, “Bàbá, ẹ máa ṣe bí mo ti ń ṣe.” Ọwọ́ ni mo ń kọ́ wọn: ọwọ́ lọ sókè, ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ojú wọn kò kúrò lára ọwọ́ mi, wọn kò sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Ilẹ̀ pálọ̀ náà ń dán, ó sì ń yọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú, mo sáré gbá wọn mú. Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ ń jó, èmi ń wá ibi tí n ó dì mú.”

N kò rí èsì fọ̀. Òru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá Beijing tó yé mi. Èso ni mo ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo gbàgbé gbòǹgbò.

Bí mo ṣe tún un bẹ̀rẹ̀

(i) Ilẹ̀. Mo mú wọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ. Mo gbá ilẹ̀ náà, mo ṣa òkúta kúrò, mo gbé àga onílé-ẹ̀yìn sí ìtòsí ọwọ́ wọn. Fún ọ̀sẹ̀ kan, a kò gbé ọwọ́ rárá. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé kí ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń bá pàdé: ibi tí ilẹ̀ le, ibi tí ó rọ̀, ibi tí ó rọra dà sí ọ̀nà kan.

(ii) Ìwúwo ara. A ń gbé ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì bí ẹni ń da omi láti inú igbá kan sínú òmíràn: kí ọ̀kan kún, kí èkejì ṣófo pátápátá. Bí a bá ń lọ síwájú, gìgísẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ara kan ilẹ̀, kí a tó tẹ gbogbo ẹsẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbé ara lé e àfi bí ó bá dá wa lójú. Orúnkún kò sì gbọdọ̀ kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ibí yìí ni bàbá mi ti rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú. Wọ́n ní, “Ṣebí ìrìn agẹmọ nìyí! Agẹmọ kì í tẹ ẹ̀ka tí kò tí ì yẹ̀ wò.” Láti ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n ń tún ẹsẹ̀ tèmi ṣe.

(iii) Ojú àti etí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí a sì fa orí rẹ̀ síwájú. Mo ní kí wọ́n wo ewé tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n sọ ẹyẹ tí ń ké àti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èémí wọn rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

(iv) Ọwọ́. Oṣù kejì ni a tó dé orí ọwọ́, nígbà náà kò sì ṣòro mọ́.

Ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́

Ojú, inú etí, àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé ara ni ó ń pawọ́ pọ̀ láti jẹ́ kí ènìyàn dúró. Bí a bá dàgbà, gbogbo wọn a máa lọ́ra, itan a sì máa rọ. Fífi pẹ̀lẹ́ gbé ara lé ẹsẹ̀ kan ń fún itan lágbára, ó sì ń jí àwọn yòókù. Ní ọdún 2012, Fuzhong Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon, Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 195 tí ó ní àrùn Parkinson. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tí ó kọ́ tai chi dúró dáadáa ju àwọn tó kù lọ, wọ́n sì ṣubú kéré sí àwọn tí ó kàn ń na ara. Ní ti igi, Roger Ulrich fi hàn ní ọdún 1984 pé àwọn aláìsàn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tètè kúrò ní ilé ìwòsàn ju àwọn tí ó kọjú sí ògiri lọ.

Ṣùgbọ́n tai chi kì í ṣe òògùn àjídèwe. Kí arúgbó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí ilẹ̀ bá tutù, kí a jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ọ̀pá kò kúrò lọ́wọ́ bàbá mi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin, wọ́n dìde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dá nìkan rìn dé ilé ọ̀rẹ́ wọn ní òdìkejì títì, wọ́n ta ayò, wọ́n sì dá nìkan padà.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé òwe yìí dá olùkọ́ láre. Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun ti bímọ náà tán lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di olùkọ́ lọ́la. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níwájú wa, ẹ má jẹ́ kí a yára pè é ní olódo. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí a gbé e dúró lé.