Omi Ni Ọ̀tá Ọ̀nà Oko: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àgbẹ̀ Kòkó ní Ilẹ̀ Olókè Ìlá àti Igbómìnà Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó,

Ẹ̀kọ́ inú ìwé kékeré yìí kì í ṣe ti rírẹ́ ọwọ́ kòkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oògùn tí a ń fín sí i. Ó jẹ́ ti ọ̀nà tí kòkó náà ń gbà jáde kúrò lóko. Àwa tí a mọ ilẹ̀ tí ó wà láàárín Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá kò ní láti béèrè ìdí rẹ̀. Ìtàn sọ pé láti Ìlá Yàrá ni àwọn ìlú méjèèjì ti pínyà, ọmọ ìyá sì ni wọ́n. Nǹkan bí máìlì 8 ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n òkè ni ó kún ibẹ̀, pẹ̀lú àfonífojì àti àpáta bí irú èyí tí omi Àyìkúnugbá ń já wálẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè ní kòkó dáradára lórí igi, kí ó sì jẹ́ òtòṣì nígbà tí ó bá fi dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àpò kòkó gbígbẹ 16 ni ó ń ṣe tọ́ọ̀nù kan, àpò kọ̀ọ̀kan sì wúwo ju kìlógíráàmù 60 lọ. Kò sí alágbára tí ó lè máa fi orí ru odidi àpò sọ̀kalẹ̀ òkè lójoojúmọ́; nítorí náà a ní láti pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n sì ń rù ú jù. Bí òjò bá pa á lọ́nà, kòkó tí a ti bò sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 6, tí a sì ti fi sùúrù sá gbẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Nínú ẹyọ 100 tí a bá là wò, bí èyí tí ó bu bá ju 3 lọ, kòkó náà ti kúrò ní ipò kìíní. Bí ó bá ju 4 lọ, kò sí ní ipò kejì pàápàá.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1947 tí a ti dá Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó sílẹ̀, títí di ọdún 1986 tí ìjọba fi òpin sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọba ni ó ń kéde iye tí a ó fi ra kòkó. Láti ìgbà náà wá, àgbẹ̀ àti olùrà ni wọ́n ń ná an láàárín ara wọn. Olùrà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè dé abà a kọ́kọ́ ṣírò owó alùpùpù àti owó alárù, a yọ ọ́ kúrò nínú ọkàn rẹ̀, kí ó tó la ẹnu dárúkọ iye. Àgbẹ̀ ni ó ń san owó orí ọ̀nà búburú, bí kò tilẹ̀ rí agbowó-orí.

Mo mọ abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè tí ó pinnu láti bọ́ lọ́wọ́ ìyà yìí. Ní oṣù Fẹ́búárì ni wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni tàgbà tèwe fi jáde pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti dígà. Àwọn obìnrin gúnyán, àwọn onílù sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà náà gbòòrò, ó mọ́, ó sì lọ tààrà láti etí odò dé orí òkè. Èmi náà wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gùn ún, mo sì yìn wọ́n gidigidi. Èmi kò bi wọ́n léèrè ibi tí omi yóò gbà, ojú sì ń tì mí fún un títí di òní. Nígbà tí ó fi di oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ọdún kejì, ibi tí a ti jó ti di ọ̀gbun tí ó gba ènìyàn dé ìbàdí. Àwọn àgbà ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà tí ó bá lọ tààrà sísàlẹ̀ òkè, odò ni a là, a kò la ọ̀nà.

Nítorí náà, kí a tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n wá ibi tí ọ̀nà yóò gbà. Ohun èlò rẹ̀ kò gba owó. Ẹ gé igi títọ́ méjì tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, kí ẹ so orí wọn pọ̀, kí ẹ sì ya ìsàlẹ̀ wọn sí ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ fi igi kẹta dábùú wọn ní agbedeméjì, kí ẹ sì so òkúta mọ́ okùn láti orí rẹ̀, kí okùn náà máa kọjá lára igi ìdábùú. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí okùn dúró. Ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà ní ojú ẹsẹ̀ òsì gan-an, ẹ sì tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni okùn yóò dúró sí nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba. Nísinsìnyí, ẹ kan igi tí ó nípọn ní íńṣì 6 mọ́ ìdí ẹsẹ̀ tí yóò máa wà ní apá ìsàlẹ̀ òkè. Bí okùn bá dúró ní àárín, ilẹ̀ ibẹ̀ ń ga ní íńṣì 6 nínú ẹsẹ̀ bàtà 6, èyí ni pé ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú 12. Kí ọ̀nà má ṣe ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa yí i lọ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kí ẹ sì máa kan èèkàn. Ọ̀nà náà yóò yí òkè ká, yóò sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan yóò kùn sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ẹ jẹ́ kí àárín ọ̀nà ga bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè sàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa ya gọ́tà náà sínú igbó ní ìṣísẹ̀ 30 sí 30 níbi tí ó ga, kí omi má ṣe ráyè kó ara rẹ̀ jọ. Níbi tí odò kékeré bá dábùú ọ̀nà, òkúta ńlá tí a tò mọ́ra wọn dáadáa dára ju afárá pákó tí yóò jẹrà lọ. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka tí ó ṣíji bo ọ̀nà, kí oòrùn lè máa gbẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti ń le jù nìyí: gọ́tà tí a yà, oko ta ni omi rẹ̀ ń wọ̀? Ní abúlé tí mo sọ, nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà náà là, oko kòkó opó kan ni wọ́n da omi sí. Obìnrin náà fi ẹrù ilẹ̀ dí ẹnu gọ́tà. Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ bu owó ìtanràn lé e. Èmi lọ wo oko náà. Omi dúró sí ìdí igi tí ó lé ní 20, èso orí wọn sì ti ń dúdú, nítorí kòkó kò fẹ́ omi tí ó dúró sí gbòǹgbò, àrùn tí ń sọ èso di dúdú sì fẹ́ràn ọ̀rinrin. Òun ni ó jàre. A yí gọ́tà náà sí ilẹ̀ olókùúta tí kò sí oko lórí rẹ̀, a sì to òkúta sí ẹnu rẹ̀ kí omi má ṣe gbẹ́ ilẹ̀. Ìṣísẹ̀ 40 péré ni ó fi jìnnà sí ti àkọ́kọ́. À bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹnì kan bá ti pe obìnrin náà sí ìpàdé.

Kí ìpàdé náà ṣáájú ọ̀wẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ọ̀nà yóò gba oko rẹ̀ wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Igi kòkó mélòó ni a ó gé? Kí ni a ó fi dí i fún onígi? Ẹ̀yin mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì tẹ̀ka sí i.

Ọ̀wẹ̀ dára fún lílà ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dára fún títọ́jú rẹ̀, nítorí a kì í pe ọ̀wẹ̀ lójoojúmọ́. Àáró ni ó yẹ fún ìtọ́jú. Ẹ pín ọ̀nà náà fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù mọ ibi tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí. Kí a kó gọ́tà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún: kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò bá dá díẹ̀ ní oṣù Ògún, àti kí ìkórè ńlá tó wọlé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1935, lè máa yọ owó díẹ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan tí a bá wọ̀n, fún símẹ́ǹtì.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ olókè Udi, nítòsí Enugu, àwọn ará ìgbèríko fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ṣe sinimá nípa wọn ní ọdún 1949, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Daybreak in Udi. Ilé ìgbẹ̀bí ni a fi hàn tí wọ́n ń kọ́, pẹ̀lú àwọn tí ó lòdì sí i. Sinimá tí ó dára ni. Ohun tí sinimá kò lè fi hàn ni ọdún kẹwàá.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní kí a dá ìjọba sí. Ní ọdún 2012 Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò ọ̀nà ìgbèríko kan, RAMP-2, Ọ̀ṣun sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ 4 tí ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Adamawa, Enugu àti Niger. Lábẹ́ ètò mìíràn, CSDP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, tí ó sì ti parí báyìí, ìlú ni ó yan iṣẹ́ tí ó fẹ́, òun náà sì dá ìdá 10 nínú 100, ní owó tàbí ní agbára. Ìlú tí ó ní ìwé àdéhùn àti ìṣirò owó lọ́wọ́ ni ó rọrùn fún láti wọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìjọba kì í dé ẹnu abà. Máìlì kan tàbí méjì tí ó kù náà, tiwa ni.

Ní òjò tí ń bọ̀, kí ẹni méjì nínú yín gbé agboòrùn, kí wọ́n sì kó èèkàn dání, kí wọ́n rin ọ̀nà náà nígbà tí omi ń sàn lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Níbikíbi tí omi bá ti dé ìwọ̀n kókósẹ̀, kí wọ́n kan èèkàn kan síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó gbẹ́ gọ́tà sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.