Tákàdá Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Okokomaiko, ọwọ́ yín yá ju tèmi lọ. Ohun kan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: àpò lẹ kọ́kọ́ ń rán. Ẹ ó ṣọnà sára awọ tán, ẹ ó wá máa wá ìwé àdúrà tí yóò wọ inú rẹ̀.

Ìwé wa yìí kò ní ẹ̀yìn tí wọ́n rán pọ̀. Tákàdá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè pín in kà lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò ni ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá fẹ̀ jù, tákàdá á máa gbá kiri, etí rẹ̀ á gbó. Bó bá há, ẹni tó fẹ́ fà á yọ lóru á fà á ya. Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí tàdáwà gbẹ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ fi páálí sókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Mo ti kánjú rí. Dàláílù ni wọ́n ní kí n kọ, ìwé àsálátù tí Muhammad al-Jazuli ará Mòrókò, tó kú ní 1465, pín sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Òjò ń rọ̀, mo kó tákàdá sínú awọ tí kò tíì gbẹ. Nígbà tó yá, tákàdá òkè bu, àmì pupa orí lẹ́tà sì ràn mọ́ èkejì. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ọ̀sà ò jìnnà sí wa níbí, ọ̀rinrin sì pọ̀. Lásìkò òjò, ẹ fi awọ kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà, ẹ má sá a sóòrùn kó má baà sán.

Awọ ewúrẹ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n Èkó ń fi iná wi í, wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ ẹran. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Hausa fún èyí tí wọ́n fi èso bọ̀ọ̀ní ṣe, èyí tí àwọn ń pè ní bàgàrúwà.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tó kàn sí ìsàlẹ̀ èyí tó ṣáájú. Bí tákàdá bá tú ká, òun la ó fi tò ó. Ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Íjíbítì kọ́ kéwú, àmì róbótó méjì lẹ ń fi sórí lẹ́tà qāf. Nínú ìwé ọwọ́ àtijọ́ ti ìhà wa, ẹyọ kan ló wà lórí qāf, ti fā sì wà nísàlẹ̀. Ẹ bi ẹni tó bẹ̀ yín níṣẹ́ èyí tójú rẹ̀ mọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ láé, torí àdúrà lẹni ẹlẹ́ni ń kà.

Tí ẹ bá rán àpò tán, ẹ kó ìwé sínú rẹ̀, ẹ dì í, ẹ gbé e sétí, ẹ mì í. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tákàdá, ẹ tú u, ẹ tún un rán.