Ẹ Béèrè Owó Oúnjẹ Kí Ẹ Tó Jókòó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wọkọ̀ ní Post Office ní Ìlọrin lọ sí Èkó, mo mọ̀ pé àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá etí ọ̀sà ń wù yín. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé irú rẹ̀ kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, atẹ́gùn ń fẹ́, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n a jókòó títí ebi fi kú mọ́ wa nínú. Ẹja dé, ó ti gbẹ, ìrẹsì ti tutù.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 ní kí olùtajà fi iye owó hàn, nítorí náà ojú kò gbọdọ̀ tì yín láti béèrè. Ẹ bi wọ́n bóyá VAT, ìdá 7.5 nínú 100, wà nínú rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ rìsíìtì ló máa ń lúgọ sí. Bí oúnjẹ bá tutù, ẹ tètè dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó gbé e wá kọ́ ló sè é. Ibi tí ọkọ̀ wọn nìkan ti lè gbé yín jáde, ìbínú yín kò lè yára lọ síbì kan (wọ́n sì mọ̀).

Bó bá jẹ́ omi nìkan lẹ fẹ́ wò, odò Asà ṣì ń la Ìlọrin kọjá. Bó sì jẹ́ ti Èkó ni dandan, ẹ kọ́kọ́ jẹ àmàlà gbígbóná, kí ẹ ra nǹkan mímu nìkan lọ́hùn-ún.